Ẹ̀yin Ló Kàn, Ẹ̀gbọ́n

Aago méjì òru ni Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì sùn lọ sórí àga. Orí wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fóònù wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Lórí tábìlì níwájú wọn, ọmọ ayò mẹ́ta àti ìdérí kóòkì kan ṣì wà níbẹ̀ tí a kò tíì pa. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ la ti ń ja ìjà kan ṣoṣo. Nígbà tó kàn wọ́n, adarí eré pè wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ló kàn." Wọn ò dáhùn. Ó tún pè. Àwa tó kù wo ara wa, a sì bú sẹ́rìn-ín. A ò tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tá a jẹ́. Àwa mẹ́fà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé palẹ̀ ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé. Àwa tó jẹ́ ọmọ agbègbè yìí, ibo la fẹ́ lọ? Ọ̀kan wà ní Ìtàpá tó ń bá bàbá rẹ̀ kọ ebè, ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́ atúnfóònùṣe ní Ọ̀yẹ́, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tó gba yàrá sí Ìkọ̀lé tí kò sì fẹ́ kí owó ilé ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ní tiwọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe ní Ìdó. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ni wọ́n, ọjọ́ kan ni wọ́n tẹ̀ lé e wá, tí wọ́n jókòó wò wá, tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an?" Láti ọjọ́ náà, wọn ò padà lẹ́yìn wa mọ́.

Ohun tí à ń ṣe ni eré kan tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1974. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n máa rò pé ó dà bíi lúdò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa jẹ, kò sì sí ẹni tó máa pàdánù. Ẹnì kan ni adarí eré, òun ló ń sọ ìtàn. Àwọn tó kù jẹ́ èèyàn inú ìtàn náà, oníkálukú á sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ fẹ́ ṣe. Tí a ò bá mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe, a ó ju dáìsì.

Ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, ti mọ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Kàkó ní kùmọ̀ tirẹ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin. Kò sẹ́ni tó lè dá dé Òkè Láńgbòdó nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí: ọdẹ kan, akéwì kan, alágbẹ̀dẹ kan, olè kan tó ní òun ti ronú pìwà dà, àti oníṣègùn kan. Ẹ̀gbọ́n ló ni oníṣègùn. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kan náà ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, ṣé kí n wá máa parọ́ ni?" Àwọn tó ń jí èèyàn gbé ti jí àbúrò oníṣègùn yìí lọ, ó sì ń wá a kiri. Ohun tó mú un jáde nílé nìyẹn.

Ìwé òfin eré náà, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ la gbà sórí fóònù. Dáìsì olójú 20 tá a ní kò ju ẹyọ kan lọ. Tí bátìrì fóònù bá kú, òun la máa ń gbé kiri bí aago ìjọ. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ la ya àwòrán ilẹ̀ sí. Àwọn ọ̀tá kéékèèké, tí ìwé pè ní goblin tí àwa ń pè ní iwin, ọmọ ayò la fi ṣe wọ́n. Òmìrán, ìdérí kóòkì.

Ìtàn wa dùn. Tá a bá ń bá ọba ìlú kan sọ̀rọ̀, tàbí tí olè wa ń parọ́ fún aṣọ́bodè, kò sẹ́ni tó ń wo fóònù. Àfi tí adarí eré bá sọ pé, "Ó ti di ìjà o, gbogbo yín ẹ ju dáìsì ká mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe." Kíá, ara gbogbo wa á balẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí báńkì tó ń dúró dè nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí a ti ṣírò rẹ̀ rí. Nínú òfin eré yìí, ìyípo kan, ìyẹn kí gbogbo èèyàn àti ọ̀tá ṣe tiwọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6 péré nínú ìtàn. Ní tábìlì wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba bí ìṣẹ́jú 5. Á béèrè pé ibo lòun wà. Á béèrè pé ibo ni iwin wà. Á wo ohun tó lè ṣe nínú fóònù, á yí ọkàn padà, á ju dáìsì, á fi ìka ka iye tó jẹ́, á wá tàsé. Èèyàn márùn-ún, ìṣẹ́jú 25. Adarí eré náà á gba ìṣẹ́jú 10 fún àwọn ọ̀tá. Ìṣẹ́jú 35 ti lọ nìyẹn fún ìṣẹ́jú-àáyá 6.

Ìwé tá à ń lò, èyí tó jáde ní 2014, fún iwin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀mí 7, ó fún òmìrán ní 59. Iwin méje àti òmìrán kan, àpapọ̀ ẹ̀mí 108 nìyẹn. Kí o tó lu iwin kan, ohun tí dáìsì rẹ bá mú wá pẹ̀lú àfikún tìrẹ gbọ́dọ̀ tó 15. Fún irú wa tí agbára wa ò tíì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ìgbà la ń tàsé. O dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kàn ẹ́, o tàsé, o padà lọ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn. Ṣé eré nìyẹn àbí ìjìyà?

Wàyí o, ọjọ́ tí à ń sọ yìí. Ìwé ìrìnnà Ẹ̀gbọ́n ti jáde. Wọ́n ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ọba, ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀ lọ sí Èkó ti sún mọ́lé. Gbogbo wa ti fi ẹnu kò pé a ó parí ìtàn náà kí wọ́n tó lọ. Ó ku ilẹ̀kùn kan. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ni a ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n ti ń bi adarí eré léèrè fún ọ̀pọ̀ oṣù pé, "Ṣé ó wà láàyè? Sọ fún mi, mi ò ní sọ fún wọn." Adarí á ní, "Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n."

Iṣẹ́ òru ni wọ́n ti bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn ò sùn dáadáa, ẹrù ni wọ́n ń dì. Síbẹ̀ wọ́n wọ mọ́tò láti Ìdó sí Ìfàkì, wọ́n gba Ọ̀yẹ́ kọjá, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìkọ̀lé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, pẹ̀lú ẹran sísun nínú ọ̀rá. A jẹun, a tàkúrọ̀sọ, a wá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. A dé ẹnu ọ̀nà. Iwin méje àti òmìrán kan dúró síwájú ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún wọn. Ọdẹ wa ta ọfà, ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ìyípo kìn-ín-ní, a pa iwin kan, gbogbo wa pariwo. Ìyípo kejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la tàsé. Ní ìkẹta, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá ìdérí kóòkì wà lẹ́yìn igi tàbí kò sí lẹ́yìn igi, ìyẹn jẹ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìkẹrin, iná lọ, a wá tọ́ọ̀ṣì. Ní ìkarùn-ún, a ti mọ̀ pé a máa borí. Iwin mẹ́ta ló kù, òmìrán ti fara gbọgbẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sún mọ́ ikú. Ohun tó kù kò ju ká máa yọ nọ́ńbà kúrò lára nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n a ò dúró, torí òfin kò sọ pé ká dúró. Ìyípo mẹ́fà pé ní bí aago kan ààbọ̀. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ la ná, ìṣẹ́jú-àáyá 36 ló kọjá nínú ìtàn. Nígbà tó fi máa kan Ẹ̀gbọ́n ní ìyípo keje, wọ́n ti sùn.

A fi aṣọ bò wọ́n. A ní a ó parí rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí a jí, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bàtà. Àwọn kan ń dúró dè wọ́n nílé láti kí wọn pé ó dàbọ̀. Wọ́n wo tábìlì náà, wọ́n ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ò tíì kú?" A rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa ya fọ́tò tábìlì náà. A sìn wọ́n dé ibi mọ́tò. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lọ.

Kí la fi alẹ́ ìkẹyìn yẹn ṣe? Ọmọ ayò mẹ́rin la fi pa.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru ara wa. Ẹnì kan ní fóònù ló fà á. Ẹnì kan ní ẹni tó ń fi ìka kàwé ni. Adarí eré ní òfin eré ló gùn jù, òun sì kọ́ ni òun kọ ọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: kí wọ́n tó ṣe Dungeons & Dragons, Gygax ti bá wọn kọ òfin eré ogun kan tí wọ́n ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣe, Chainmail, tó jáde ní 1971. Inú ìṣirò ogun ni eré yìí ti jáde, ìṣirò náà ò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ló sọ ọ̀rọ̀ tó yé wa. Ìlú rẹ̀ ni ìlú Fábùnmi, kò sì lè jókòó wákàtí kan kó má dárúkọ Kírìjí. Lọ́tẹ̀ yìí, a gbọ́ ọ dáadáa. Ogun tí àwọn òpìtàn sábà ń kà láti 1877 títí di 1893, tí Èkìtì Parapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn. Ìró ìbọn ńlá ló fún ogun náà lórúkọ. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló ṣáájú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ibùdó wọn ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn Ìbàdàn wà ní ìhà Ìgbájọ. Látòòsà tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kú ní 1885, ogun ò tíì parí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀ á ti pé ọdún 16 lọ́dún tó parí. Akin kò wọ́n ní ìhà méjèèjì. Ohun tó fà á gùn ni pé kò sí ìhà tó lè ṣẹ́gun ìkejì, kò sì sí ìhà tó lè kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà lọ sílé. Ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 kò jáde láti ẹnu ìbọn. Àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan lọ sí èkejì ló ṣe é, Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá sì wà lára wọn. Síbẹ̀, ó di 1893 kí ibùdó tó tú ká pátápátá.

A ò fi eré wé ogun o. Ẹ̀jẹ̀ kò tú sílẹ̀ ní yàrá wa. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní, "Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jà fún, wọn ò fẹ́ kí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn máa jẹ gàba lé wọn lórí mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀ ń bá iwin mẹ́ta yẹn jà fún lẹ́yìn aago méjìlá?" Ẹnu wa wọhò.

Ibẹ̀ la ti rí i. Bí ìjà bá gùn, kò túmọ̀ sí pé ó falẹ̀. A ti ja ìjà kan rí lórí afárá tó ń ya, tí ọmọ kan wà lábẹ́ omi. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, kò sì sẹ́ni tó dìde lọ tọ̀, torí gbogbo ìgbà tó bá kan ẹnì kan ni nǹkan ń yí padà: afárá tún ya sí i, omi tún ga sí i, a gbọ́dọ̀ yan ọmọ tàbí ẹrù ọba. Ìjà tó falẹ̀ ni èyí tí ẹni tó ń dúró kò ní ohunkóhun tó ń dúró dè. Tó bá ti di pé gbogbo èèyàn ti mọ bí yóò ṣe parí, tí a sì tún ń jà á, ayé àwọn tó jókòó yí tábìlì ká là ń jẹ. Ayé yẹn kì í sì í padà wá.

Torí náà a yí nǹkan padà. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń béèrè pé, "Kí ni à ń jà fún, kí ló sì máa yí padà?" Tí kò bá sí ìdáhùn, a ó ju dáìsì ẹ̀ẹ̀kan, a ó sì kọjá lọ. Ọ̀tá náà ti ń sá báyìí. Òfin yẹn gan-an wà nínú ìwé eré náà ti 1981: tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, tàbí tí ìdajì wọn bá ṣubú, adarí lè ju dáìsì méjì láti mọ̀ bóyá àyà wọn ti já. Iwin wo ló máa rí òkú ará ilé rẹ̀ mẹ́rin tó ṣì máa dúró de ìkarùn-ún? A tún kà pé nínú eré ti 1974, wúrà tí o bá gbé délé ló ń fún ọ ní èrè tó pọ̀, kì í ṣe ẹni tí o pa. Ọlọ́gbọ́n á yẹra fún ìjà.

Ìyà tí ọ̀tá ń fi jẹ wá, a ò ju dáìsì fún un mọ́. Ìwé ti kọ ọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀: 5 fún iwin, 13 fún òmìrán, ó tán. Gbogbo wa ń ṣe tiwa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tá á wá ṣe tiwọn. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi la ti jí èyí tó kẹ́yìn. Ihò 12, ọmọ 48, síbẹ̀ ọwọ́ wọn yá bí ẹni ń ṣa èso. Kí ló mú un yá? Òǹwòran ni. Tí ọ̀pẹ bá jókòó tó ń ronú, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí á fi ta. Àwa náà ti ń kà báyìí: ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá pé mẹ́wàá tí o kò sọ̀rọ̀, ẹni tìrẹ ń gbọ̀n ni, ó kan ẹlòmíràn.

Kí a má parọ́, ọmọ Ìtàpá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣirò yẹn gan-an ni òun ń gbádùn, ó sì ní a ti sọ eré òun di àlọ́. A gbà fún un. Alẹ́ kan lóṣù, a máa ń ja ìjà tirẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ àti ọmọ ayò. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń wá. Ó dùn pàápàá, torí ohun tá a wá ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní títì. Kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti ṣí i. Oṣù ń gorí oṣù. Lálẹ́ ọjọ́ kan a mú fọ́tò yẹn jáde, a to ọmọ ayò mẹ́ta àti ìdérí kóòkì bí wọ́n ṣe wà, a fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ló kàn."

Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó dáhùn. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ti ń bọ̀, à ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ohùn wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò tíì pa wọ́n? Ó dáa. Oníṣègùn ò jà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé àpò ẹ̀ sílẹ̀, ó wo òmìrán yẹn lójú, ó ní, jọ̀ọ́, ṣé o rí àbúrò mi?"

Yàrá pa rọ́rọ́. Adarí eré ju dáìsì. Mẹ́tàdínlógún. Ó gbé ìdérí kóòkì kúrò níwájú ilẹ̀kùn. Ó ní òmìrán náà jókòó sílẹ̀, ó di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mú, ó ní ọmọbìnrin kan wà nínú ilé, òun lòun ń fún un lóúnjẹ, àwọn tó jí i gbé ni òun ń lé sẹ́yìn. Ó ní òun rò pé àwa náà wà lára wọn ni, nígbà tí a ta ọfà.

Adarí wá jẹ́wọ́ fún wa. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òmìrán ti ń dúró kí ẹnì kan bi òun léèrè.

A ka gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, a fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò sọ nǹkan kan fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ohùn kan wọlé, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 6 lọ. Wọ́n ní, "Ó ṣeun. Ó wà láàyè. Ta ló wá kàn báyìí?"